Radius: Ilé Iṣẹ́ Mọ́nítọ̀ tí Atúnkọ̀ǹpútàṣe Bí

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé oníṣòwò ló dá Radius, ilé iṣẹ́ mọ́nítọ̀ ará Amẹ́ríkà, sílẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí Burrell Smith, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ń ṣe nígbà tó wọ Apple, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, lóṣù kejì ọdún 1979. Iṣẹ́ àtúnṣe ni. Kọ̀ǹpútà Apple II tó bá bàjẹ́, tí oníbàárà dá padà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tú u. Nọ́ńbà 282 ni wọ́n fún un nínú àwọn òṣìṣẹ́. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ nídìí mọ́nítọ̀ tòkúnbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, tí ọ̀gá mi gbá lọ́wọ́ torí pé mo fẹ́ kan picture tube tí iná kò tíì tán lára rẹ̀, orí mi a máa wú tí mo bá rántí nọ́ńbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí a kọ́kọ́ mọ̀ níléèwé kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọmọ kíláàsì ni, ẹni tí tíṣà ní kó máa kọ orúkọ àwọn aláriwo. Látìnì ló ti wá, monere, ìyẹn ni kí á kìlọ̀ fún ènìyàn, kí á rán an létí. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n ló gbé e wọnú ẹ̀rọ: ojú kan tó wà ní situdíò, tí ẹnjiníà fi ń ṣọ́ àwòrán kó má bàjẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó jogún orúkọ náà, ó sì jogún ìdùbúlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn.

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Tẹlifíṣọ̀n dùbúlẹ̀ torí pé sinimá ló fi ṣe àwòkọ. Ìwé ní tirẹ̀ kì í dùbúlẹ̀. Wàláà tí ọmọ ilé kéú ń gbé mọ́yà, òòró ló dúró. Lẹ́tà dúró lóòró, ìwé ilẹ̀ dúró lóòró, ìwé ìdánwò náà dúró lóòró. Èrò tèmi ni pé ara ènìyàn ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ló rọrùn fún apá kan láti gbá mọ́yà, ìlà tí kò fẹ̀ jù ni ojú sì lè sáré kà láìṣìnà. Ó dá mi lójú pé bó bá jẹ́ akọ̀wé ló kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà, tí kì í ṣe onítẹlifíṣọ̀n, gbogbo mọ́nítọ̀ ì bá dúró bí wàláà títí dòní.

Ẹni kan gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú. Ní 1973, ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, California, ṣe kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Alto. Ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ (pixel, àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán) jẹ́ 606 ní ìbú, 808 lóòró. Wàláà pọ́ńbélé! Ṣùgbọ́n wọn kò gbé e sọ́jà. Àwọn kan ní ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn Radius ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé bàbá àgbà ni Alto, àmọ́ kì í ṣe òun ló tọ́ ọmọ yìí.

Ẹni tó tọ́ ọ ni Smith. Nídìí àtúnṣe tó wà, ó fi ọgbọ́n fẹ mẹ́mórì Apple II tí Bill Atkinson, òṣìṣẹ́ Apple bíi tirẹ̀, ń lò, Atkinson sì mú un lọ bá Jef Raskin, ẹni tó dá iṣẹ́ Macintosh, kọ̀ǹpútà tuntun Apple, sílẹ̀. Bí atúnkọ̀ǹpútàṣe ṣe di ẹni tó hùmọ̀ bọ́ọ̀dù Macintosh, pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà jókòó lé, nìyẹn. Ó sì tẹ oyè sára káàdì rẹ̀: oṣó. Oṣó ẹ̀rọ. Andy Hertzfeld, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tẹ oṣó sí tirẹ̀ náà. Nílé wa níbí, ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fi irú oyè bẹ́ẹ̀ síta?

Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Apple sílẹ̀, kò fẹ́ kí Macintosh ní ojúhò tí ènìyàn lè ki bọ́ọ̀dù míì bọ̀. Smith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gbọ́n, wọ́n fi ojúhò kan pamọ́ sínú bọ́ọ̀dù náà, wọ́n ní ti àyẹ̀wò lásán ni. Àwọn ọ̀gá rí àrékérekè yẹn, wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́. Gbogbo ẹni tó ti tún ẹ̀rọ ṣe rí ló mọ bí irú nǹkan yẹn ṣe máa ń dun ni. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni wọ́n lóyún Radius.

Macintosh jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní 1984. Ojú rẹ̀ kò ju íńṣì 9 lọ, ẹ̀kán 512 ní ìbú, 342 lóòró. Ní 1985, LaserWriter dé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Smith yìí kan náà hùmọ̀ bọ́ọ̀dù rẹ̀, PageMaker, ètò tí wọ́n fi ń to ojú ìwé, sì dé tẹ̀lé e, ni ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ bá lè ṣe ìwé ìròyìn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ojú Macintosh kò lè gbé ìdajì abala ìwé kan tán. Onítọ̀hún á máa wo orí ìwé, á yí i sílẹ̀, á gbàgbé ohun tó wà lókè. Ta ló tún lè rí àbùkù náà kedere tó ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, tó tún ṣe ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé?

Smith kúrò ní Apple lóṣù kejì 1985. Ní 1986, òun, Hertzfeld, Mike Boich, Matt Carter, Alain Rossmann àti àwọn míì látinú ẹgbẹ́ Macintosh dá Radius sílẹ̀. (Boich àti Rossmann ti jẹ́ ajíhìnrere ní Apple. Ẹ má rẹ́rìn-ín, oyè wọn gan-an nìyẹn: àwọn ló ń rọ àwọn tó ń kọ ètò pé kí wọ́n kọ ọ́ fún Macintosh.) Nípa orúkọ náà, radius ní Látìnì jẹ́ igi tó so àárín kẹ̀kẹ́ mọ́ etí rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ìtànṣán. Ìtànṣán ni mo gbà pé ó bá ilé iṣẹ́ mọ́nítọ̀ mu jù.

Ọjà wọn àkọ́kọ́ ni Full Page Display: ẹ̀kán 640 ní ìbú, 864 lóòró, dúdú òun funfun, odindi abala ìwé kan lójú kan. Macintosh tí kò ní ojúhò, wọ́n ní láti tú u. Ìdè tó ní ẹnu bí ìràwọ̀ wà nínú ihò jíjìn, súkúrúdíráfà gígùn ló lè dé ibẹ̀, kí wọ́n tó so bọ́ọ̀dù tuntun mọ́ inú. Ètò tí Hertzfeld kọ wá jẹ́ kí ojú kékeré àti ojú ńlá di ilẹ̀ kan náà: ènìyàn lè wọ́ fèrèsé láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, bíi pé kò sí ògiri láàárín wọn. Apple gba ọgbọ́n yìí sínú Macintosh II. Àwọn tó ń fi gbogbo ògo fún Hertzfeld rí apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ètò kì í rìn lórí afẹ́fẹ́, bọ́ọ̀dù ló ń gbé e. Ní ti àwọn tó ń pariwo E-Machines ti Oregon, tàbí SuperMac, àwọn ilé iṣẹ́ mọ́nítọ̀ tó ń bá Radius díje, kí wọ́n máa pariwo lọ.

Wọ́n tún ṣe ojú tó gba abala ìwé méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mọ́nítọ̀ Pivot dé, èyí tó mú orúkọ Radius tàn jù. Bí o bá dì í mú tí o yí i, láti òòró bọ́ sí ìbú, ẹ̀rọ náà á mọ̀ fúnra rẹ̀, á sì tún ojú ìwé tò. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe aláwọ̀. Ẹni tó bá ti tún mọ́nítọ̀ onítúùbù ṣe á mọ̀ pé èyí kì í ṣe eré: òòfà ilẹ̀ ayé pàápàá a máa da àwọ̀ rú bí o bá yí ojú rẹ̀ padà, ká má tíì sọ ti ìwúwo rẹ̀.

Ìyókù kò gùn. Ní 1989 Apple gbé mọ́nítọ̀ olóòró tirẹ̀ jáde, 640 ní ìbú, 870 lóòró. Ẹ̀kán mẹ́fà péré ni wọ́n fi ju ti Radius. Hertzfeld bá ilé iṣẹ́ míì tó ń jẹ́ General Magic lọ ní 1990. Owó mọ́nítọ̀ ń já wálẹ̀, àwọn tó ń ṣe é ń pọ̀ sí i. Ní 1994, Radius àti SuperMac dọ̀kan, gbèsè àti ọjà inú ilé ìkẹ́rù sì bá wọn wọlé. Wọ́n ṣe Macintosh tiwọn, pẹ̀lú àṣẹ Apple, ní 1995, wọn ò rí èrè rẹ̀ jẹ, ilé iṣẹ́ Umax ló gba iṣẹ́ yẹn àti orúkọ SuperMac lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n jẹ lówó gba ìpín nínú ilé iṣẹ́ dípò owó. Orúkọ Radius lára mọ́nítọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn KDS ará Kòríà. Ní 1999, ilé iṣẹ́ náà para dà di Digital Origin, ó ń ta ètò ìtò fídíò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Media 100 rà á, kò sì sí mọ́nítọ̀ kankan nínú ẹrù tí wọ́n kó.