Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Kóòṣì Olùkọ́ Ń Ṣiṣẹ́ Lóòótọ́

Bí ìjọba bá fẹ́ kí àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ túbọ̀ mọṣẹ́, gbọ̀ngàn ni wọ́n sábà máa ń kó wọn lọ. Ọjọ́ méjì, ó pẹ́ tán ọjọ́ mẹ́ta: wọ́n á fọwọ́ síwèé pé àwọn wá, wọ́n á gbọ́ àlàyé, wọ́n á gba owó ọkọ̀, ó di ilé. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó bá wọn débẹ̀ wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Bruce Joyce àti Beverly Showers, àwọn onímọ̀ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, ti ń sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Olùkọ́ lè lóye ọ̀nà tuntun dáadáa, ó tiẹ̀ lè ṣe é láìkọsẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn, síbẹ̀ tó bá padà síwájú ọmọ ogójì, èyí tó ti mọ́ ọn lára ló máa ṣe. Àbá wọn ni pé kí ẹnì kan máa bá a dé kíláàsì. Ẹni yẹn ni kóòṣì.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, àmọ́ kóòṣì ń gba owó oṣù, ó ń jo epo mọ́tò, kò sì ṣeé ṣe kó kọ́ igba olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìjọba tó náwó sí i, ó yẹ kẹ́nì kan fi hàn pé òun ló mú kí àwọn ọmọ mọ̀wé, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ àwọn olùṣèwádìí yunifásítì nìyẹn. Ọ̀kan tó ṣe kedere nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni Early Grade Reading Study, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ North West ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2015. Àwọn olùṣèwádìí University of the Witwatersrand ní Johannesburg wà nídìí rẹ̀, àwọn àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ níbẹ̀. Setswana, èdè abínibí àwọn ọmọ náà, ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní yíyanjú ni ohun tí wọn yóò fi kóòṣì wé. Bí kóòṣì bá gbé ìwé tuntun dání wá, táwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n kà, ta ló ni iṣẹ́, kóòṣì ni àbí ìwé? Nítorí náà, wọ́n fún ẹgbẹ́ méjì ní ìwé kan náà àti ètò ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ kan náà, èyí tó sọ ohun tí olùkọ́ yóò ṣe ní ọjọ́ Ajé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí dé òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ kìíní ń lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọjọ́ méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ní ti ẹgbẹ́ kejì, kóòṣì ń dé kíláàsì wọn ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹgbẹ́ kẹta ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. (Apá kan tún wà tó dá lórí àwọn òbí, èyí kò kàn wá níbí.) Ẹni tó bá mọ ìtàn Six Year Primary Project tí Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 á ti pàdé irú ìṣòro yìí rí: bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà, ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e ni pé ṣé èdè ló ṣiṣẹ́ ni, àbí àwọn ìwé tuntun tí wọ́n kọ fún un.

Kí ni kóòṣì ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ pe ọmọ bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ síwájú, kí wọ́n jókòó yí i ká pẹ̀lú ìwé tó bá agbára wọn mu, kí kálukú kàwé sókè létí rẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe iṣẹ́ tiwọn ní àyè wọn. Lórí ìwé, kò le rárá. Nínú kíláàsì, kò ní pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí àwọn yòókù á fi máa pariwo, olùkọ́ á dìde láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, àwọn mẹ́fà tó wà níwájú á ṣíwọ́, bí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ṣe parí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, olùkọ́ á padà sí kí gbogbo kíláàsì máa ka gbólóhùn kan náà tẹ̀ lé òun. Ohùn wọn á dún pọ̀, á sì dùn létí, àmọ́ ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn kàn ń la ẹnu ni.

Kóòṣì tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á rí ibi tó ti wọ́. Ìwé ìlànà nìkan kò lè rí i: bóyá iṣẹ́ tí olùkọ́ fún àwọn tó kù kò pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é tán ni, bóyá kò tíì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa ṣe nígbà tí ọwọ́ òun bá dí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kóòṣì á gba kíláàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ṣe é kí olùkọ́ wò. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì á jókòó. Kóòṣì tó gbọ́n kì í ka àléébù méje sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n á fẹnu kò sí, á kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni yóò sì kọ́kọ́ béèrè tó bá padà dé lóṣù tó ń bọ̀. Olùkọ́ mọ̀ pé yóò béèrè, èyí sì jẹ́ ìdajì agbára kóòṣì.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kóòṣì kò fi ní fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé. Ní University of Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní MyTeachingPartner. Olùkọ́ ń fi fídíò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́, kóòṣì ń gé ibi kékeré tí kò ju ìṣẹ́jú bíi kan sí mẹ́ta lọ jáde, á bi í ní ìbéèrè lórí rẹ̀, olùkọ́ á wò ó, á dáhùn, wọn á wá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n dán an wò pẹ̀lú olùkọ́ girama 78, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2011. Ó gbé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní àárín, ẹni ipò 50 nínú 100, dé ipò 59. Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí kóòṣì ṣiṣẹ́ ni èso yìí hàn. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní òpin ọdún kìíní, tó sì palẹ̀ mọ́, á ní kò ṣiṣẹ́.

Ká padà sí North West. Wọn kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yan ilé ìwé tí yóò ní kóòṣì. Bí wọ́n bá ní kí ilé ìwé fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un, àwọn ọ̀gá tó múra síṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dé, ilé ìwé tiwọn ì bá sì dáa láìsí kóòṣì pẹ̀lú. Kèké ni wọ́n ṣẹ́. Ilé ìwé 50 bọ́ sí ti gbọ̀ngàn, 50 bọ́ sí ti kóòṣì, 80 wà fún ìfiwéra. Kí kèké má baà kó gbogbo ilé ìwé ńlá sápá kan, wọ́n ti kọ́kọ́ to àwọn tó jọra pọ̀ kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ. Ilé ìwé lódindi ni wọ́n sì ń ṣẹ́ kèké lé, kì í ṣe olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí olùkọ́ méjì tí kíláàsì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á yá ara wọn níwèé, á sì ṣòro láti mọ ẹni tó ní kóòṣì àti ẹni tí kò ní. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé iye ilé ìwé ló ṣe pàtàkì ju iye ọmọ lọ: ẹni tó dán ọmọ 1,000 wò ní ilé ìwé mẹ́wàá kò rí tó ẹni tó dán ọmọ 1,000 wò ní ilé ìwé 50.

Bí wọ́n ṣe ń dán ìwé kíkà wò nípele ìbẹ̀rẹ̀ gba sùúrù. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò á jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo. Á gbé ìwé tó ní lẹ́tà 100 síwájú rẹ̀, mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan ni ọmọ ní. Bí ọmọ bá ṣi lẹ́tà pè, á fa igi lé e. Bí ọmọ bá tún ara rẹ̀ ṣe, ó gbà á. Bó bá dúró lórí ẹyọ kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á ní kó bọ́ sí èyí tó kàn. Bí kò bá mọ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, á rọra dá a dúró, á bọ́ sí apá mìíràn. Ìgbà tí ọmọ bá ya ẹnu ni aago ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó parí àlàyé, tí ẹlòmíràn ń dúró dìgbà tí ọmọ sọ̀rọ̀, ìyàtọ̀ tó bá jáde kì í ṣe ti kóòṣì mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ènìyàn méjì gba máàkì ọmọ kan náà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí pápá, wọ́n á fi wé ara wọn, ẹni tí tirẹ̀ bá ń yapa kò ní lọ.

Wọ́n tún ń wọ kíláàsì lọ wò. Níbí, ọgbọ́n ń bẹ: olùkọ́ tó bá mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ lè ṣe ẹ̀kọ́ tí kò ṣe rí láti oṣù mẹ́ta. Wọn kì í gba ohun tí ojú rí lọ́jọ́ náà nìkan gbọ́. Wọ́n á ṣí ìwé àwọn ọmọ, wọ́n á ka ojú ewé tí wọ́n ti kọ nǹkan sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìyẹn kò ṣeé tún ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ọmọ tí olùkọ́ wọn lọ sí gbọ̀ngàn fi 0.12 standard deviation (ìwọ̀n tó ń fi hàn bí máàkì àwọn ọmọ ṣe jìnnà síra wọn tó) ju àwọn ọmọ ìfiwéra lọ, ti kóòṣì jẹ́ 0.24. Bí a bá to ọmọ 100 láti orí ẹni tí kò mọ̀wé kà rárá dé orí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà jù, 0.12 á gbé ọmọ àárín láti ipò 50 dé nǹkan bí 55, 0.24 á gbé e súnmọ́ 60. Owó tí wọ́n ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ jù lọ́dọ̀ kóòṣì, àmọ́ tí a bá pín in sórí èrè, òun ló dínwó. Ohun tó sì yí padà ní kíláàsì kò yani lẹ́nu: àwọn olùkọ́ túbọ̀ ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké láti kàwé.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bóyá fóònù àti tábílẹ́ẹ̀tì lè rọ́pò ìrìn àjò. Wọ́n gbé èyí lọ sí ìpínlẹ̀ Mpumalanga, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kóòṣì tó ń dé kíláàsì mú Gẹ̀ẹ́sì sísọ gòkè pẹ̀lú 0.31 standard deviation, èyí tó wà lórí ẹ̀rọ mú un gòkè pẹ̀lú 0.12, ní ti kíka Gẹ̀ẹ́sì, ti kíláàsì jẹ́ 0.13, ti ẹ̀rọ kò kúrò lójú kan. Tábílẹ́ẹ̀tì kò bà jẹ́, àwọn olùkọ́ sì mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí yóò dé tí yóò béèrè ni kò sí. Èyí tó tún burú ni pé kíka èdè abínibí lọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó lo ẹ̀rọ, nítorí olùkọ́ ń mú àsìkò rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ti dán Gẹ̀ẹ́sì nìkan wò, ẹnikẹ́ni kì bá mọ̀.

Ohun tó ń ba irú ìwádìí yìí jẹ́ kò pamọ́. Wọ́n gbé olùkọ́ tí kóòṣì ti kọ́ kúrò láàárín ọdún. Ọmọ tún kíláàsì kọ́, tàbí ó kó lọ. Kóòṣì rí iṣẹ́ tó sanwó jù, ó lọ. Nígbà mìíràn kóòṣì fúnra rẹ̀ a di inspẹ́kítọ̀, á máa wo lẹ́sìn-nóòtù, á máa fọwọ́ sí i, olùkọ́ á sì máa fi ohun tó dára nìkan hàn án. Tí ìṣirò bá dé, ó máa ń wu ènìyàn láti yọ ilé ìwé tí kóòṣì kò dé déédéé kúrò. Wọn kì í yọ ọ́. Ìjọba tó bá gbé ètò náà ká gbogbo ìpínlẹ̀ á ní irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Kíká gbogbo ìpínlẹ̀ gan-an ló le jù. Àwọn olùṣèwádìí Amẹ́ríkà kan, Matthew Kraft, David Blazar àti Dylan Hogan, kó ìwádìí 60 jọ ní 2018: lápapọ̀, kóòṣì gbé ọ̀nà ìkọ́ni sókè pẹ̀lú 0.49 standard deviation, ó gbé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sókè pẹ̀lú 0.18. Àmọ́ níbi tí olùkọ́ bá ti tó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè náà ń já sí nǹkan bí ìdajì ti àwọn ètò kéékèèké. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Kóòṣì tó bá ń dé ilé ìwé kan lójúmọ́, tó sì yọ ọjọ́ díẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé àti àkọsílẹ̀, kò lè bójú tó ju nǹkan bí ilé ìwé 16 lọ lóṣù. Ilé ìwé 1,000 nílò kóòṣì tó ju 60 lọ. Mẹ́ta tó dáńgájíá kò ṣòro fún yunifásítì láti wá rí. Ọgọ́ta, tí kálukú wọn lè gba kíláàsì ọmọ ogójì kó sì kọ́ wọn dáadáa lójú olùkọ́ tó ni ín, ìyẹn ni ìwádìí kò tíì yanjú.