Kí ló dé tí ẹlòmíì fi ń sọ pé ẹ̀wọ̀n sàn ju probéṣọ̀n lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n bá fóònù jíjí lọ́wọ́ àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Wuse l'Ábújà. Adájọ́ ò rán an lẹ́wọ̀n, probéṣọ̀n ọdún méjì ló fún un, ìyẹn ni pé kó máa gbé nílé, kó sì máa lọ fara hàn lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó o. Gbogbo wa ń dúpẹ́, òun nìkan ló ń fajú ro. Ó ní ì bá sàn kí wọ́n ju òun sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje fóṣù mẹ́ta, kóun ṣe é tán. Ṣé orí rẹ̀ pé báyìí?

Ìdáhùn: Orí rẹ̀ pé, àbúrò mi. Ẹ má bú u. Oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ tó máa parí. Probéṣọ̀n lè gùn tó ọdún mẹ́ta lábẹ́ òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, èyí táwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, owó ara ẹni lèèyàn sì fi ń jẹ ìyà ọ̀hún.

Mo mọ ọmọkùnrin kan tó ń gbé Mararaba. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ fara hàn, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń jáde, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Nyanya má bàa ká a mọ́. Á débẹ̀, ilẹ̀kùn á wà ní títì. Wọ́n á ní ọ̀gá ti lọ sí kóòtù, kó padà wá lọ́jọ́bọ̀. Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ti gba fóònù rẹ̀, ó ti gbé e lọ fún aládùúgbò. Owó mọ́tò lọ, iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Adájọ́ kò kọ èyíkéyìí nínú wọn mọ́ ìyà tó dá fún un.

Ìbéèrè: Ṣé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ probéṣọ̀n ò ju kí èèyàn wá fọwọ́ síwèé lọ ni?

Ìdáhùn: Ó jù ú lọ o! Ibi tó dùn mí jù nìyí. Òfin ní kó máa bẹ èèyàn wò nílé, kó gbà á nímọ̀ràn, kó bá a ṣọ̀rẹ́, kó tún bá a wá iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà ní 2019, wọ́n dá odindi ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún irú ìyà tí kì í ṣe ti inú ọgbà. Èwo nínú wa ló wá rí òṣìṣẹ́ tó bá ọmọ ẹnikẹ́ni wáṣẹ́?

Ìbéèrè: Tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé díẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Kóòtù lè ní kí wọ́n lọ mú un, kó sì fìyà ẹ̀sùn àkọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kó má kúrò nílùú, kó sáré lọ sìnkú l'Ógbómọ̀ṣọ́ láìgbàṣẹ ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Meek Mill, olórin Amẹ́ríkà, lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lábẹ́ probéṣọ̀n lórí ẹjọ́ kan tó ti 2007 wá. Ní 2017, adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì sí mẹ́rin torí pé ó rú àdéhùn, ìrìn àjò láìgbàṣẹ sì wà lára rẹ̀.

Ìbéèrè: Ká kúkú bẹ adájọ́ pé kó rán an lẹ́wọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò! 1914 ni wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Suleja; ní April 2024, òjò wó ògiri rẹ̀, àwọn tó sá lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní July 2022, àwọn agbébọn ya wọ Kuje gan-an. Ju ìdajì àwọn tó wà látìmọ́lé ní Nàìjíríà ni wọn ò tíì dá lẹ́jọ́ rárá, àárín wọn sì ni àbúrò yín máa sùn. Ẹ̀yin lẹ óò máa gbé oúnjẹ lọ. Tó bá jáde, orúkọ ẹlẹ́wọ̀n ti lẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ kóòtù lè fún èèyàn ní probéṣọ̀n láìdá a lẹ́bi.

Ẹ wá lọ́yà. Bí owó ò bá sí, ẹ lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lọ́yà bẹ kóòtù pé kí wọ́n yí àdéhùn náà padà, kí ibi ìfarahàn súnmọ́ ilé, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì bọ́ sọ́jọ́ ọjà. Kóòtù lágbára láti ṣe é. Títí dìgbà náà, kí àbúrò yín máa lọ. Tó bá bá ilẹ̀kùn ní títì, kó kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kó sì ní kí ẹni tó bá níbẹ̀ fọwọ́ sí i.