Ibi tí òǹtẹ̀ orí pílánù ilé ti wá

Kó tó di pé wọ́n ń béèrè òǹtẹ̀ àkítẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ya àwòrán ilé, lórí pílánù, Ìjẹ̀bú ti ń kọ́ ilé ńlá. Àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó tẹ̀lé àrà àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, irú èyí tí Balógun Kúkù kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀gá bíríkìlà àti ọ̀gá káfíńtà ló gbé wọn dìde. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì yẹ ká yìn wọ́n.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan wà nínú wọn, Olúwọlé Olúmúyìwá, tí wọ́n bí ní 1929. Ó kàwé ní Manchester, ó padà wá ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sí Èkó. Crusader House tó wà níbẹ̀ wà lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nílé, ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1952, wọ́n sì gbé e lọ sí Zaria ní 1955.

Ní April 1, 1960, oṣù mẹ́fà ṣáájú òmìnira, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, NIA, sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í bá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wí. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe ara rẹ̀ ní àkítẹ́ẹ̀tì, kó sì máa gbowó. Òfin kẹwàá ti 1969 ló dí àyè yẹn: òun ló dá ìgbìmọ̀ ARCON sílẹ̀, tó ń kọ orúkọ àwọn tó kájú ìwọ̀n sínú ìwé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé náà ló ní òǹtẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹgbẹ́ ni NIA. ARCON ni òfin. Olúmúyìwá ṣe ààrẹ ARCON, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1981.

Òǹtẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́, méjì fún ìkejì, ó kéré tán ọdún méjì lábẹ́ ọ̀gá tó ti forúkọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ìdánwò.

Ẹ wo àtẹ̀gùn lásán kí ẹ rí ohun tí gbogbo ọdún yẹn wà fún. Bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sí ilẹ̀ òkè bá jẹ́ mítà 3, tí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹsẹ̀ 20 ni. Bí ibi tí a ń tẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí a sì tò ó lọ tààrà, yóò jẹ mítà 5.7 nínú ilé, nítorí ẹsẹ̀ ìkẹyìn bọ́ sórí ilẹ̀ òkè, ibi ìtẹ̀ 19 ló kù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣẹ́ ẹ sí méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ibi ìsinmi àárín bá jẹ́ mítà 1.2, tí ibi ìtẹ̀ sì jẹ́ mẹ́sàn-án ní apá kọ̀ọ̀kan, kò ní gbà ju mítà 3.9 lọ. Lórí pílánù 1:100, níbi tí sẹ̀ǹtímítà kan ti dúró fún mítà kan, sẹ̀ǹtímítà 3.9 péré ni. Bíríkìlà tí kò rí àwòrán tó la ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀ á ti da dẹ́kìn kó tó ka ẹsẹ̀. Bí dẹ́kìn náà bá fi sẹ̀ǹtímítà 8 ga ju mítà 3 lọ, 8 yẹn á ṣẹ́kù lókè, á sì di ẹsẹ̀ kan tó kúrú. Ibẹ̀ gan-an ni àgbàlagbà ti ń kọsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ 15 lára. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tún un ṣe láìfọ́ kankéré.

Ní Ìjẹ̀bú, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń gbé Èkó kọ́lé sílé, ewu yìí pọ̀: onílé kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń da dẹ́kìn. Ohun tó sì ń dun èèyàn jù ni òǹtẹ̀ yíyá, tí àkítẹ́ẹ̀tì ń gbowó tẹ òǹtẹ̀ lé pílánù tí kò yà, tí kò sì yẹ̀ wò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà inú òǹtẹ̀ náà, ẹ wá a nínú ìwé ARCON, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ni ín ka àtẹ̀gùn náà fún yín lójú ara yín.