Àmì PTSD Nínú Ara: Ohun Tí Àyẹ̀wò Lè Sọ àti Ibi Tó Mọ

Ẹnu aláìsàn ni dókítà ṣì fi ń mọ PTSD, àìsàn ìpayà tí ogun, ìfipábánilòpọ̀ tàbí jàǹbá ńlá máa ń fi sílẹ̀ lára èèyàn. Láti ọdún 1980 tí orúkọ náà ti wọ ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè ni wọ́n ń bi í: ṣé ó ń lálàá ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣé ó ń sá fún ohun tó lè rán an létí? Àmọ́ ẹlòmíì kò ní fẹ́ sọ. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń wá àmì inú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ.

Kọ́tísọ́ọ̀lù ni wọ́n ti yẹ̀ wò jù. Orí kíndìnrín ni họ́mọ́ọ̀nù yìí ti ń jáde nígbà tí àyà bá já. Tó bá ti tó, ọpọlọ á fa ìjánu rẹ̀. Wọ́n lè dán ìjánu yẹn wò. Aláìsàn á lo oògùn dexamethasone díẹ̀, 0.5 mg, lóru; oògùn yìí ń ṣe bíi kọ́tísọ́ọ̀lù nínú ara. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Ọpọlọ á rò pé kọ́tísọ́ọ̀lù ti pọ̀, á sì dá a dúró. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní PTSD, ó máa ń já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ti àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn le gan-an kì í sábà fẹ́ wálẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí wúlò, bí èsì kò tilẹ̀ dọ́gba nínú gbogbo ìwádìí. Wákàtí tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pàtàkì: kọ́tísọ́ọ̀lù máa ń ga láàárọ̀, ó sì máa ń relẹ̀ lọ́gànjọ́.

Hippocampus, apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ìrántí, sábà máa ń kéré lára àwọn tó ní PTSD. Ṣé ìpayà ló sọ ọ́ di kékeré? Ní 2002, àwọn onímọ̀ gbé ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá yẹ̀ wò: ọ̀kan ja ogun Vietnam, ìkejì kò lọ. Bí hippocampus ajagun tó ní PTSD bá kéré, ti èkejì rẹ̀ tó jókòó sílé náà máa ń kéré. Ó jọ pé àmì náà ti wà kí ogun tó dé. Irú àmì bẹ́ẹ̀ lè fi ẹni tí ewu pọ̀ fún hàn, kò lè sọ pé àìsàn ti mú un.

Àwọn mìíràn ń wo bí ojú ṣe ń ṣẹ́ nígbà tí ariwo bá dún lójijì, bí ọkàn ṣe ń lù, tàbí FKBP5, jíìnì kan tó ń nípa lórí bí ara ṣe ń gba kọ́tísọ́ọ̀lù. Kò sí èyí tó dá dúró tó. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni kí kọ̀ǹpútà ka ọ̀pọ̀ àmì pa pọ̀, kí dókítà sì fi wọ́n ti ìbéèrè rẹ̀ lẹ́yìn.