Bí Ọmọ Yahoo Ṣe Ń Pa Ẹ̀rí Ọkàn Rẹ̀ Lẹ́nu Mọ́

Àwọn èèyàn a máa sọ pé ẹni tó ń ṣe gbájúẹ̀ kò ní ẹ̀rí ọkàn. Ó ní. Ó ti pa á lẹ́nu mọ́ ni. Ní ọdún 1957, Gresham Sykes àti David Matza, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń rúfin ló mọ ohun tó tọ́. Wọ́n ti ní àwíjàre nílẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ lé e ni.

Ẹ fetí sí ọmọ Yahoo. “Kò síṣẹ́ nílùú”: ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn. “Òyìnbó ló kó àwọn baba wa lẹ́rú”: jìbìtì ti di ẹ̀san. (Opó tó dá wà nílé ní Amẹ́ríkà, tó ń wá ẹni bá tàkúrọ̀sọ, kò ra ẹrú rí.) “Àwọn olóṣèlú ńkọ́?”: ẹni tó fẹ́ bá a wí ti di olè jù ú lọ. “Ìyá mi ni mò ń ṣe é fún”: èyí ló lágbára jù, torí ta ni yóò bá ọmọ tó ń tọ́jú ìyá jà? Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n ń lù ní jìbìtì, “kílẹ́ǹtì” tàbí “máàgà”, ló wá ń parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ro bí máàgà ṣe sùn lálẹ́ àná.

Ọmọ kankan kò bá àwíjàre wọ̀nyí wáyé. Edwin Sutherland, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó sún mọ́ni la ti ń kọ́ ìwà ọ̀daràn, àti ọgbọ́n rẹ̀ àti àwíjàre rẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ń pè ní HK (Hustle Kingdom), níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ Yahoo, ọ̀gá ń pèsè oúnjẹ, dátà àti kọ̀ǹpútà, ọmọ iṣẹ́ á sì yọ ti ọ̀gá nínú owó tó bá wọlé. Ó fẹ́ jọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀.

Ìṣẹ́ nìkan kò tó àlàyé. Aláìní tí kò jalè pọ̀ ju èyí tó jalè lọ. Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ bíi tiwọn, kọ ọ́ ní 1938 pé wàhálà ń bẹ níbi tí àwùjọ bá ti ń ti gbogbo ènìyàn sí ọrọ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Ọmọ tí kò níṣẹ́ gbé ọkọ̀ dé. Nígbà kan, bàbá á bi í pé níbo ló ti rí i. Lóde òní, wọ́n á gbàdúrà sí ọkọ̀ náà, olórin á sì kì í mọ́ baba ńlá rẹ̀.

Bí ọwọ́ EFCC bá wá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Howard Becker, òun náà onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ̀wé ní 1963 lórí irú orúkọ bíi “olè” yìí: bí àwùjọ bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ènìyàn, ó lè máa tì í padà sínú ìwà náà. Ọmọ tó ti ẹ̀wọ̀n dé kò rí ẹni gbà á síṣẹ́, àwọn ará àdúgbò ń gbé báàgì wọn mọ́ra bó bá ń kọjá. Ilé HK sì rèé, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì.