Làákàyè àti àìsàn ìpayà lẹ́yìn jàǹbá

Àìsàn ìpayà lẹ́yìn jàǹbá (PTSD lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni ìdààmú ọkàn tó máa ń bá àwọn kan fínra lẹ́yìn tí wọ́n bá rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí wọn, tàbí tó gba ẹ̀mí ẹlòmíì lójú wọn. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn. Àlá burúkú, ìrántí tó ń já wọlé láìpè, àyà jíjá àti sísá fún ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ wà lára àmì rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ju oṣù kan lọ kí dókítà tó pè é lórúkọ yìí.

Iyè tó ń ra ni wọn kì í tètè kà mọ́ ọn. Ká mú ìyá aládìrẹ kan l'Ọ́jà Ọba, Òṣogbo ìlú aró, tí ọkọ̀ dojú dé mọ́ lọ́nà Gbọ̀ngán. Egbò ti jinná, ó ti padà sí ìsọ̀. Ó ń ka ọ̀pá aṣọ, ọlọ́kadà kan tẹ fèrè, iye tó kà dé ti fò lọ. Ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ látorí oókan. Oníbàárà á ní kò fọkàn sí ọjà. Ọpọlọ tó ń ṣọ́ ewu tọ̀sán tòru ni kò ráyè gbọ́ ti nǹkan mìíràn.

Ṣé àìsàn ló ba iyè jẹ́, àbí bí iyè ṣe rí tẹ́lẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún àìsàn? Ní 1998, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Macklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ máàkì ìdánwò làákàyè táwọn sójà Amẹ́ríkà ṣe kí wọ́n tó lọ sógun Vietnam wò: àwọn tí máàkì wọn kéré ni àmì àìsàn náà pọ̀ jù lára wọn. Iṣẹ́ olùwádìí mìíràn, Gilbertson, ní 2002 tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbejì ló sì lò, ohun tí Yorùbá mọ̀ dunjú. Ìbejì tí ẹyin kan ṣoṣo di méjì ni wọ́n; ọ̀kan rógun, èkejì kò rí i. Ibi tó ń tọ́jú ìrántí nínú ọpọlọ kéré lára sójà tí àìsàn náà mú gan-an, ó sì kéré lára èkejì rẹ̀ tí kò fojú kan ogun; ìyẹn ni pé ó ti lè kéré kí ogun tó dé.

Àmọ́ máàkì kọ́ ni làákàyè. Ìyá aláró tó mọ gbèsè oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí lè gba òdo nínú ìdánwò elédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, ó sì sábà máa ń gbà tó ìpàdé 8 sí 12. Àwọn olùtọ́jú kan máa ń gba ohùn ìpàdé sílẹ̀ kí aláìsàn lè tún un gbọ́ nílé.