Ta Ló Gba Ẹrú Sílẹ̀? Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Fíìmù Oko Ẹrú Nílẹ̀ Òyìnbó

Lọ́dún 1903, nígbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn, Edwin S. Porter tó ń bá ilé iṣẹ́ Thomas Edison ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé Uncle Tom's Cabin jáde. Inú ìwé tí Harriet Beecher Stowe kọ lọ́dún 1852 ni ìtàn náà ti wá, ṣùgbọ́n orí ìtàgé ni wọ́n ti mú ìṣe inú rẹ̀. Eré yẹn ti ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí kámẹ́rà tó dé, àwọn òyìnbó tó kun ojú wọn dúdú ló sì sábà ń ṣe ẹrú níbẹ̀. Bí Porter ṣe bá a náà ló ṣe fi kámẹ́rà gbà á: òyìnbó ni Tom, àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá sọ́jà sì ń jó kí wọ́n tó tà wọ́n. Ijó yẹn ló burú jù lójú mi. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yà kúrò lára ọmọ rẹ̀ kì í jó.

Ó di 1914 kí Sam Lucas, àgbà òṣèré aláwọ̀ dúdú, tó ṣe Tom nínú fíìmù mìíràn. Ọdún kejì ni D. W. Griffith gbé The Birth of a Nation dé. Nínú tirẹ̀, ara tu gbogbo èèyàn lóko ẹrú. Òmìnira ló da ìlú rú, àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń dẹ́rù ba aláwọ̀ dúdú tó sì ń pa wọ́n, ló sì wá tún un ṣe. Wọ́n gbé e lọ sí White House fún Ààrẹ Woodrow Wilson láti wò. Ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, fẹ̀hónú hàn káàkiri, síbẹ̀ owó ń ya wọlé, nígbà tí ọdún 1915 náà yóò sì fi parí, wọ́n ti tún Klan dá sílẹ̀ lórí òkè Stone Mountain ní Georgia. Oscar Micheaux, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sóko ẹrú, gbé Within Our Gates jáde lọ́dún 1920, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń so èèyàn dúdú kọ́ hàn láìfi bò.

Gone with the Wind tún irọ́ Griffith sọ lọ́dún 1939, pẹ̀lú aṣọ tó rẹwà. Hattie McDaniel, tó ṣe ẹrú inú ilé níbẹ̀, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar. Tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, torí àwọ̀ rẹ̀.

Roots ló yí nǹkan padà, ní January 1977. Alẹ́ mẹ́jọ ni ilé iṣẹ́ ABC fi gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Àwọn fíìmù tó ṣáájú, oko òwú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbin ẹrú. Juffure ní Gambia ni Roots ti bẹ̀rẹ̀, nílé ìyá. Wọ́n bí ọmọ, bàbá gbé e sókè, ó sọ ọ́ ní Kunta Kinte. Nígbà tí wọ́n wá dè é mọ́lẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n ń nà án títí ó fi gbà pé Toby ni òun ń jẹ́, gbogbo ẹni tó ń wò ó ti mọ ohun tí ẹgba náà fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ṣì ń ká mi lára ni ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kó gba ẹrú sílẹ̀. Lọ́dún 1839, Sengbe Pieh, ọmọ Mende láti Sierra Leone, àtàwọn tí wọ́n jọ wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ dìde, wọ́n gba ọkọ̀ Amistad mọ́ àwọn tó kó wọn lọ́wọ́. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí Debbie Allen, òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, fi gbé ìtàn náà káàkiri kí Steven Spielberg tó gbà láti darí rẹ̀. Nígbà tó jáde lọ́dún 1997, Djimon Hounsou tí wọ́n bí ní Cotonou ló ṣe Sengbe, ó sì ṣe é débi tó yẹ. Síbẹ̀ kíá ni ìjà orí ọkọ̀ parí; ilé ẹjọ́ ló gba fíìmù náà, àwọn agbẹjọ́rò ló ń sọ̀rọ̀.

Haile Gerima ọmọ Ethiopia kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Sankofa, tó jáde lọ́dún 1993, àwọn ẹrú fúnra wọn ló dìtẹ̀. Àwọn tó ń pín fíìmù ní Amẹ́ríkà ò gbà á, ó bá háyà ilé sinimá fúnra rẹ̀. Danny Glover, òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, fẹ́ ṣe ti Toussaint Louverture, aṣáájú àwọn ẹrú tó dìtẹ̀, àti Haiti, níbi tí ẹrú ti jà títí orílẹ̀-èdè tiwọn fi dúró lọ́dún 1804. Àwọn tó lọ bá fún owó bi í pé, àwọn akọni òyìnbó inú ẹ̀ dà?

The Woman King, fíìmù nípa àwọn jagunjagun obìnrin Dahomey, dé lọ́dún 2022, èyí sì kan àwa gan-an. Inú mi dùn pé John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, ló jókòó lórí ìtẹ́ Ọba Ghezo ti Dahomey. Mo sì gbà pé Ọ̀yọ́ tí wọ́n fi ṣe ọ̀tá níbẹ̀ ta ẹrú lóòótọ́. Ohun tí mi ò gbà ni Ghezo tí wọ́n sọ di ẹni tó fẹ́ pa òwò ẹrú tì. Òwò yẹn ló fi ń kówó jọ. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dí etíkun rẹ̀ ló mú kó tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún 1852 pé òun máa fi òwò náà sílẹ̀. Ní March 1851, ọmọ ogun rẹ̀, tòun ti àwọn jagunjagun obìnrin, ya dé Abẹ́òkúta láti wá kó èèyàn. Níbi odi Aro ni àwọn Ẹ̀gbá ti dá wọn padà, àwọn Sàró tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú kí wọ́n tó padà wálé sì bá wọn jà. Ìtàn tiwọn ni mo fẹ́ rí ní sinimá.